Tírélà Bàbá Olúrẹ̀mí

Kọ́lájọ lorúkọ ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ lè pè é bẹ́ẹ̀. Èmi kì í pe é lórúkọ. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tá a ti fẹ́ra, Bàbá Olúrẹ̀mí ni mò ń pè é, kí á tó bí Olúrẹ̀mí pàápàá, "Ẹ gbọ́ ná" ni. Mo sọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé n kò nílé tí mo ti wá. Inú a máa bí mi, ẹnu mi a sì máa mú, gbogbo Abereke, ìlú wa létí òkun, ló mọ̀, ṣùgbọ́n n kò yájú débi tí n ó fi máa pe ọkọ mi bí ẹni pe ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Araromi, bí ẹ́ńjìnnì bá ń húkọ́ láàárín omi, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kì í sáré tú nǹkan. Yóò kọ́kọ́ tẹ́tí sí i, yóò gbé ọwọ́ lé e lórí bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, lẹ́yìn náà ló máa wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ó ń tọ̀?" Àjòjì á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ojú omi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa omi mu kí inú rẹ̀ lè tutù, ó sì gbọ́dọ̀ máa tọ omi náà dà sẹ́yìn, ṣòròrò, bí ọmọkùnrin tó dúró létí ọkọ̀. Èyí tí kò bá tọ̀, inú rẹ̀ ló ń jóná yẹn, kò sì ní pẹ́ dákẹ́.

Ọdún kẹrin nìyí tí ìgbì gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n ń fà gòkè, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ já, ó sì já lé ọkọ mi ní ìbàdí. Wọ́n to eegun náà, ó jinná, ṣùgbọ́n ó gan. Ó lè dìde, ó lè di ògiri mú rìn láti orí ibùsùn dé ojú fèrèsé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé wa sì nìyí, lórí òpó láàárín omi, nítorí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, òkun ti jẹ ẹ́ tán, òun àti igi àgbọn tó wà lórí rẹ̀. Afárá pákó tó so wá mọ́ ilé àwọn ará àdúgbò, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá gan-an ń fi àdúrà gbà á kọjá. Tó o bá fẹ́ jáde, inú ọkọ̀ lo máa sọ̀ kalẹ̀ sí.

Ìgbà kan wà tí ọkùnrin méjì gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó lè lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀kan yọ̀, gbogbo wọn re omi. Kò sẹ́ni tó fara pa, àwọn tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín inú rere ni wọ́n rín. Ṣùgbọ́n ó dun ọkọ mi dé egungun. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, tí omi ń kán lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò ní gbé mi bí àpò gàrí mọ́. Bí ẹ bá tún máa gbé mi jáde ní ilé yìí, inú pósí ni." Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì jáde.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo pa iná mi. Èmi Àrìnpé, tí wọ́n bí sídìí ẹja yíyan, tí mo ń yan ẹja àti edé láti ìgbà tí ọwọ́ mi ò tíì tó orí àrò! Ìdí ni pé ilé wa ò ju yàrá kan àti ìdí àrò lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Èéfín ń wọlé bá a, yóò húkọ́, ikọ́ náà yóò mi ìbàdí rẹ̀, yóò sì ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. N kò lè gbà á. Mo pa iná náà fún ọdún kan gbáko. Àwọn àbúrò mi ló ń gbé oúnjẹ wá fún wa, àwọn oníbàárà mi sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ọjọ́ tí mo tún padà dáná, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá Olúrẹ̀mí, iná yìí ò gbọdọ̀ kú nítorí mi mọ́." Mo ní àmín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ aláìsàn lásán ni.

Olúrẹ̀mí nìkan la bí. Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà tuntun níbi iṣẹ́, ó gbé ògbólógbòó tó fi kàwé wá fún bàbá rẹ̀, irú èyí tó ṣeé pa dé bí ìwé, ó sì gbé sólà kékeré kan sórí páànù wa. Eré kan wà nínú rẹ̀, eré wíwa tírélà. Ọmọ yìí gbọ́n. Ó mọ ohun tó wà níkùn bàbá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó bá ọkọ̀ ẹja dé Ọ̀rẹ̀, ó rí àwọn tírélà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó sì padà wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ tóun fẹ́ kọ́ nìyẹn. Bàbá náà ní ọmọ tí wọ́n bí sórí omi tó bá lọ ń wakọ̀ lórí ilẹ̀, iyanrìn ni yóò jẹ. Ó bá gbọ́ ti bàbá rẹ̀. Ìgbà tó di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí ìbàdí ti gan, ló wá di awakọ̀.

Títì òyìnbó ni gbogbo títì inú eré náà, orúkọ ìlú wọn ò sì ṣeé pè lẹ́nu. Ó bá fún wọn lórúkọ tirẹ̀. Ìlú tó wà létí òkun, níbi tí gáràjì rẹ̀ wà, ó pè é ní Abereke. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Igbókọ̀dá, lẹ́yìn ìyẹn Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Àkúrẹ́. Bí mo bá wà nídìí àrò, màá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ìyá Olúrẹ̀mí, mo ti dé Ọ̀rẹ̀ o!"

Èmi náà á dáhùn pé, "Ẹ bá mi ra ọsàn bọ̀!"

"Wọ́n ní ọsàn ti tán!"

"Irọ́ ni, ahun ń ṣe yín!"

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Mo tún gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi. Àkúrẹ́ nìkan ni kò tíì dé rí. Ó ní ọjọ́ tóun bá já ẹrù ní Àkúrẹ́, òun á pe Olúrẹ̀mí lórí fóònù pé kó wá ṣílẹ̀kùn.

Kò pé ọdún kan tí kọ̀ǹpútà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Tírélà ń lọ, ó dúró. Ó tún lọ, ó tún dúró, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti kọjá Oǹdó, ó há pátápátá, ojú kọ̀ǹpútà náà á gan, ọkọ mi á sì jókòó síwájú rẹ̀ títí, bí ìgbà tí afárá kan já níwájú awakọ̀.

Ẹni tó ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún ogójì ọdún ò ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní ẹrù ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀. Ó pe Olúrẹ̀mí, wọ́n sì jọ pa gbogbo fíìmù àti àwòrán tí ọmọ náà kó jọ látilé ẹ̀kọ́ rẹ́. Ó yá díẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún padà sí bó ṣe wà. Ó wá pe Godspower, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń tún fóònù ṣe ní Igbókọ̀dá. Ìyẹn ní bóyá kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú rẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Wọn ò rí kòkòrò kankan. Ó tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá àwọn ètò tó ń ṣí fúnra wọn lábẹ́lẹ̀ dúró, ọkọ mi sì ń pe ìyẹn ní "àwọn èrò tó wọkọ̀ tá ò pè." Ó lé gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àyípadà.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ lára eré náà. Godspower ló ní tí ohun tó ń hàn lójú ọ̀nà bá dín kù, iṣẹ́ á fúyẹ́ fún un. Ó yọ òjò kúrò. Ó yọ òjìji. Ó yọ igi ẹ̀bá ọ̀nà, ó yọ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí mo yọjú wò ó, títì aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo ló kù, ojú ọ̀run òfìfo, àti tírélà tó ń wọ́ lọ. Mo ní, "Bàbá Olúrẹ̀mí, ibo làwọn èèyàn lọ?" Ó ní, "Mo lé wọn kí n lè kọjá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tá a ń mu ẹ̀kọ, ó dédé gbé ife sílẹ̀. "Àrìnpé, kì í ṣe ogbó o. Láàárọ̀ tó bá tutù, ó ń sáré bí ọmọdé. Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ló ń kú lọ. Ooru ni." Ó gbé ọwọ́ sí ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà, níbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ó gbọ́wọ́ síbẹ̀ pẹ́, ó sì wò mí. "Kò tọ̀."

Ẹ̀rín pa mí. "Kọ̀ǹpútà náà tún ń tọ̀?"

"Atẹ́gùn ni ìtọ̀ tirẹ̀. Ohun kan ti dí i ní inú."

Lọ́jọ́ kejì, mo ru agbọ̀n mi, mo bá ọkọ̀ ọjà lọ sí Igbókọ̀dá. Nígbà tí mo dé lálẹ́, kọ̀ǹpútà náà ti wà ní pípa dé, ọkọ mi ti fi ìró wé e. Kò wojú mi. Ó ní, "Ó ti kú. Ogbó ni. Bá mi gbé e sórí àjà."

Tó bá jẹ́ pé mo lọ́pọlọ ni, ṣebí ǹ bá rántí pé ẹni yìí kan náà ló ní kì í ṣe ogbó lánàá. Ṣùgbọ́n ara mi ti kú fún ọjà. Mo gbé e lọ sórí àjà, níbi tí mo máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àjà yìí fún yín. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun tí ọ̀rinrin ò lè bà jẹ́. Iyọ̀ inú atẹ́gùn ń jẹ irin, omi ń yọ́ gun pákó bọ̀. Ibì kan ṣoṣo tó gbẹ nínú ilé ni àjà orí àrò, lókè ibi tá a ti ń yan ẹja. Àwọ̀n wà níbẹ̀, gàrí wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí Olúrẹ̀mí wà níbẹ̀ nínú agolo, Bíbélì ìyá mi náà wà níbẹ̀. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n sí wa là ń gbé sórí iná. Láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn ti wọlé, ìgbà gbogbo tí ọkọ mi bá ti pa á tán, èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi gbé e sókè, kí omi má baà bà á jẹ́.

Lẹ́yìn tó sọ pé ó kú, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kọjú sógiri. Kò lọ sójú fèrèsé mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ òkèlè mẹ́ta, á ní òun ti yó. Mo pariwo, mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́. Mo kígbe láti ìdí àrò pé, "Ṣé ẹ ti dé Ọ̀rẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìró omi lábẹ́ pákó nìkan ni mo ń gbọ́ nínú ilé tí èèyàn méjì ń gbé. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tí n kò bá rí nǹkan ṣe, ìlérí tó ṣe nípa pósí yẹn kò ní pẹ́ ṣẹ.

Ní ọjọ́ ọjà, mo yọ́ kọ̀ǹpútà náà sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọ̀rá wé e, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ edé nínú agbọ̀n mi. N kò sọ fún un. Mo lọ bá Godspower. Mo ní, "Tó bá kú, jí i. Ohunkóhun tó bá gbà, mo ṣe tán."

Godspower tàn án. Kí n tó jókòó dáadáa, ojú rẹ̀ ti là. Ó tú ìdí rẹ̀ wò, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ inú rẹ̀, ó mi orí. "Màmá, kò sóhun tó ṣe é. Ẹnì kan ti tú u. Ẹ wo fáànù rẹ̀, ó nù ún bí àwo oúnjẹ. Èmi gan-an ò lè ṣe é mọ́ tó báyìí."

Mo ní, "Bàbá Olúrẹ̀mí ní ó ti kú."

Ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ibo lẹ ń gbé e sí nílé?"

"Orí àjà. Lókè iná."

Ọkùnrin náà dá ẹ̀rín sílẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá! Ẹ̀yin ń yan kọ̀ǹpútà! Èéfín àti òróró ẹja ló ti dì sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e padà sínú èéfín yẹn, oṣù kan kò ní pé tó fi máa tún dí."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ṣí eré tírélà náà fún mi. Ó ṣí i. Gbogbo igi ti padà sẹ́bàá ọ̀nà, òjìji náà ti padà. Tírélà ọkọ mi kò sí lójú ọ̀nà Oǹdó tó máa ń há sí. Ó wà ní ìlú etí òkun, nínú gáràjì, iná rẹ̀ ti kú, ilẹ̀kùn sì ti tì. Mo bi Godspower pé ọjọ́ wo ni wọ́n wà á gbẹ̀yìn. Ó sọ ọjọ́ náà fún mi. Ọjọ́ tí mo lọ sọ́jà ni, ọjọ́ tí ọkọ mi ní ó kú.

Ó yé mi níbẹ̀, lórí àpótí ìjókòó Godspower. Ọkọ mi ti tún un ṣe. Ó rí ohun tó dí i, ó sì mọ ibi tó ti wá. Ó wá rọra wa tírélà rẹ̀ wálé, láìkọsẹ̀, láti Oǹdó dé Abereke, ó pa iná rẹ̀, ó tì í mọ́lé. Lẹ́yìn náà ló purọ́ fún mi, kí iná mi má baà kú.

Ẹ ò lè mọ bínú ṣe bí mi tó. Títí ọkọ̀ fi gbé mi délé, ṣe ni mò ń dá nìkan sọ̀rọ̀, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ta ló ní kó ṣàánú mi? Ṣé mo bẹ̀ ẹ́?

Mo wọlé, n kò kí i. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀, edé ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì mọ̀.

Mo ní, "Ẹ parọ́ fún mi."

"Ká ní mo sọ òótọ́, kí lò bá ṣe?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wàá pa iná. Mo mọ̀ ọ́. O ti pa á rí."

"Tí mo bá pa á ńkọ́?"

"Ṣé títì la ó wá máa jẹ, Àrìnpé?"

Ibo ni mo fẹ́ gbé àrò lọ? Òkun wà lẹ́yìn ilé, omi wà níwájú, ẹ̀yìnkùlé tó yẹ kí n kọ́ àrò sí ti wà nísàlẹ̀ òkun. Èéfín mi ló ń bọ́ wa, èéfín yẹn náà ló dí kọ̀ǹpútà nímú. Ẹja tútù tí mo gbà láàárọ̀, tí mo tò sórí iná jẹ́jẹ́ kí n tó lọ sọ́jà, ṣì wà níbẹ̀, kò tíì gbẹ, tí iná bá kú báyìí, ó lè bàjẹ́. Ọkọ mi náà mọ̀. Ó na ọwọ́, ó tún fẹ́ fi ìró bo kọ̀ǹpútà náà.

Mo lọ sídìí àrò. Mo bu omi, mo dà á síná. Ó ta ṣàà, èéfín funfun bo gbogbo ilé, ó sì gba ojú fèrèsé jáde díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi ń kígbe, "Ẹja ńkọ́? Àrìnpé, ẹja ńkọ́?"

Orúkọ rẹ̀ ló bọ́ lẹ́nu mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò bọ́ rí.

"Ẹja ti kú tẹ́lẹ̀, Kọ́lájọ. Ìwọ lo ṣì wà láàyè."

Ojú tì mí, mo fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà. Kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ó sún lórí ibùsùn, ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n jókòó. Ó tan kọ̀ǹpútà náà. Ó gbọ́wọ́ sí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gba ọwọ́ tèmi náà, ó gbé e síbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó ní, "Ó ń tọ̀."

Ó ṣí gáràjì. A gba Igbókọ̀dá kọjá, a gba Òkìtìpupa. Ní Ọ̀rẹ̀, ó ní ṣé kóun ra ọsàn fún mi, mo ní kó rà á, ahun. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Oǹdó, àwa méjèèjì ò mí, ṣùgbọ́n kò há.

Nígbà tí wákàtí kan pé, mo dìde láti lọ tún dáná, nítorí ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òun náà sì ní kí n lọ. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dòní: wákàtí kan fún un lójúmọ́, ìyókù fún èéfín. Kọ̀ǹpútà náà kì í sùn lórí àjà mọ́, inú garawa onídèérí ló ń sùn. Godspower ní kò ní pẹ́ kú síbẹ̀síbẹ̀. A mọ̀.

Kí èéfín tó wọ yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, ọkọ mi ti pa kọ̀ǹpútà dé. Mo bi í bóyá ó ti wa tírélà náà padà sí gáràjì. Ó ní rárá. Ó ní òun fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ní ìta Oǹdó, tó kọjú sí Àkúrẹ́.